Òkè Tí À Ń Fowó Gùn

Lọ́dún 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Àpáta Olúmọ, kò sẹ́ni tó bèèrè owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn. Ogun ló lé wọn débẹ̀. Àwa tí ogun kankan ò lé lónìí, a wọ bàtà olówó ńlá, a sanwó lẹ́nu ọ̀nà, a wá ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n tiẹ̀ ti ṣe ẹ̀rọ agbénigòkè síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀dọ́ tó bá wọ̀ ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò ní jẹ́ kó gbádùn.

Lókè téńté, òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ rẹrẹ, Odò Ògùn ń yọ́ lọ ní tirẹ̀. Ẹni tí èémí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ já ni yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò, yóò sì fa ikùn wọlé.

Ebi ló ń sọ gbogbo wa kalẹ̀. Ìrẹsì Ọ̀fàdà inú ewé, ata díndín, ẹyin, pọ̀nmọ́. Ẹ rọra jẹ ẹ́ o! Ẹ̀gbá ò fi òkúta ṣahun: ẹni tí kò bá lè fẹsẹ̀ gun ti Olúmọ, yóò feyín pàdé ti inú ìrẹsì.