Wọ́ọ̀nù, Túù, Èéfín

Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì kò yẹ kó jó wáyà mọ́tò ara rẹ̀. Èmi jó o. Abẹ́ afárá Ọbalénde ni mo sì ti jó o, níṣojú agbèrò, níṣojú ẹlẹ́ran súyà, níṣojú gbogbo èrò tó ń dúró de ọkọ̀.

Golf 3 ni mọ́tò mi, tókunbọ̀ tó ti pẹ́ ní Nàìjíríà débi pé kò rántí òkè òkun mọ́. Lórí afárá Third Mainland, kì í yọ mí lẹ́nu. Afárá ọ̀hún gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8, atẹ́gùn ọ̀sà á máa gba iwájú mọ́tò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ gééjì á sì dúró sí àárín. Àfi tí mo bá sọ̀ sí Ọbalénde, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gbá mi mú sẹ́yìn àwọn dánfó, ni ọwọ́ gééjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Níbẹ̀, atẹ́gùn ti tán, fáànù ló yẹ kó gbaṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ta mọ́tò fún mi ti gé gbogbo wáyà tó lọ síbẹ̀. (Volkswagen ìjàpá ni bàbá mi lò láyé tiẹ̀, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ọ̀nà Badagry ní 1975. Kò ní rèdíétọ̀, kò mu omi, atẹ́gùn lásán ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀làjú gbé ọmọ rẹ̀ dé.)

Mo gbé e lọ bá Àlàájì, ríwáyà àdúgbò wa. Ó wò ó, ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀." Ìyẹn ni pé kó fa wáyà kan láti ìdí kọ́kọ́rọ́ wá sára fáànù, kó máa yí láti ìgbà tí mo bá ti ṣíná títí dìgbà tí mo bá paná. Àìmọye mọ́tò l'Ékòó ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Inú bí mi. Mo ní, "Àlàájì, fáànù yìí ní wọ́ọ̀nù, ó ní túù!" Mo fi súìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rèdíétọ̀ hàn án. Mo ní tí omi bá gbóná tó nǹkan bíi 95, wọ́ọ̀nù á tan. Tó bá kọjá 100, túù á gbà á. Mo ní téèyàn bá tan éésì, wọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ máa yí, torí rèdíétọ̀ éésì ló wà níwájú tomi. Mo ní fáànù wáàtì 250 lórí bátìrì fóòtì 12 ń jẹ ámpíà tó lé ní 20, ẹ́ńjìnnì ló ń pèsè rẹ̀, epo ni ẹ́ńjìnnì sì ń mu. Láti May 2023 tí ìjọba ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ta ló tún ń fi epo ṣeré? Ṣọ́ọ̀kì wà lápò mi. Mo yọ ọ́, mo yàwòrán gbogbo rẹ̀ sórí bónẹ́ẹ̀tì kan tó wà nítòsí, àwọn ọmọ iṣẹ́ Àlàájì pagbo yí mi ká. Àlàájì ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo parí, ó nu ẹnu, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà."

Mo bínú gbé mọ́tò mi wálé. Màá fúnra mi ṣe é.

Ládìpọ̀ ni mo ti ra rílè tókunbọ̀. Wáyà ni mo lọ rà n'Ídúmọ̀tà torí pé ó sún mọ́lé. Ọmọ ọjà bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ní fáànù. Kò bi mí pé irú fáànù wo, èmi náà ò sọ. Wáyà tí wọ́n fi ń so fáànù òkè àjà ló wọ̀n fún mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa, ó wù mí. Fáànù òkè àjà kì í jẹ tó ámpíà kan, ogún ni temi ń jẹ. Bẹ́ẹ̀, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin Ohm, èyí tí ọkùnrin Jámánì náà ti tẹ̀ jáde láti 1827.

Rílè ọ̀hún ní ẹsẹ̀ márùn-ún: 30, 85, 86, 87 àti 87a. Jámánì ni wọ́n ti fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn lélẹ̀. Iná bátìrì ń wọlé láti 30. 85 àti 86 ló ń mú kí rílè fà. Tó bá ti fà, iná á gba 87 jáde. Mi ò ka ti 87a dójú àmì. Mo gbà pé Táíwò àti Kẹ́hìndé ni òun àti 87, èyí tá a bá pè nínú wọn á jẹ́. Ẹsẹ̀ 87 sì ti dípẹtà, 87a mọ́ tónítóní. Mo so wáyà mọ́ èyí tó mọ́.

Bí mo ṣe dá orí bátìrì pa dà, fáànù hó yàà! Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Àwọn ọmọ ilé pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá Tọ́lá, mọ́tò tẹ́ ò tíì ṣí?" Mo ní, "Mọ́tò Jámánì ni, ó ń tutù sílẹ̀ de ìrìn àjò ni." Mo wọlé lọ jẹun. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, bátìrì ti kú fin-ín fin-ín.

A ya iná lára mọ́tò aládùúgbò, mo ṣí i. Fáànù ń yí. Ẹ́ńjìnnì ń gbóná díẹ̀díẹ̀, fáànù ń yí. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná dé ojú àmì, tí iṣẹ́ wá délẹ̀ wàyí, fáànù dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó ka ìwé. 87a ni iná ń gbà nígbà tí rílè ò bá tíì fà. Tó bá fà, ibẹ̀ á kú. Fáànù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà òtútù, tó ń sinmi nígbà ooru, ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Mo tú u palẹ̀. Mo há 87 mọ́, mo so ó síbẹ̀. Níbi tí mo ti ń tú u, sókẹ́ẹ̀tì fáànù fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo lọ́ wáyà méjèèjì mọ́ra, mo fi téèpù wé e. Mi ò wo èwo ló yẹ kó wà níbo. Rílè ti túù kọ̀, kò fà rárá, mo bá yọ ti họ́ọ̀nù fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn ò dà mí láàmú, mo ní tí mo bá délé màá dá a pa dà. Nígbà tí túù kọ́kọ́ gbéra, fíúsì 30 já. Èyí ló ń tì mí lójú jù láti sọ: mo bó wáyà bàbà kan, mo tẹ̀ ẹ́ bọ ibẹ̀. Nítorí kí wáyà má baà jó ni fíúsì ṣe ń já. Mo ti fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò rí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo forí lé Fálómò. Abẹ́ afárá ni gbogbo wa wà, a ò lè lọ, a ò lè bọ̀. Wọ́ọ̀nù tan, inú mi dùn. Túù tan, ó ń pariwo gidi, inú mi dùn sí i. Ọwọ́ gééjì kò bá wa yọ̀, ó ń gòkè ni. Dánfó iwájú wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn bọ̀ wá bá mi. Mo tẹ họ́ọ̀nù. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo yọ orí síta, mo figbe ta, "Píìn! Píìn!" Kọ̀ńdọ́ bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Àbí ẹnu lẹ fi ń họ́ọ̀nù ni, bàbá?"

Mi ò rí i dá lóhùn tí èéfín fi yọ lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rá ara wáyà pupa ti yọ́ tán, bàbà inú rẹ̀ ń tàn yòò. Àwọn èèyàn ń ju yẹ̀pẹ̀, ẹnìkan ń da píọ̀ wọ́tà, ẹlẹ́ran súyà ló lóye jù wá lọ, ó fa orí bátìrì yọ. Láàárín èéfín yẹn ni agbèrò kan wá béèrè owó páàkì lọ́wọ́ mi, ó ní mo ti pẹ́ jù lójú kan.

Wọ́n ti lọ pe Àlàájì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa wáyà kan tó ki láti bátìrì kan fáànù, ó yí. Ó ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan nílẹ̀, ó gbé e síwájú rèdíétọ̀ níbi tó yẹ kó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rá náà fò, ó bà mí lójú. "Síwájú ló ń fẹ́ ẹ, Tíṣà. Ẹ ti yí wáyà rẹ̀ sódì." Atẹ́gùn ń wọlé látìta, fáànù mi ń lé e pa dà.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti fa wáyà gidi, ó fi fíúsì gidi sí i, ó tú agolo mílíìkì kan tó kún fún rílè, ó ṣa èyí tó fẹ́. Ó wá résítọ̀ kan tí wọ́ọ̀nù máa gbà kọjá. Kò wo àwòrán kankan. Wọ́ọ̀nù tan, túù tan.

Mo ní, "Àlàájì, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe báyìí, ẹ wá ń bá mi sọ̀rọ̀ dáírẹ́ẹ̀tì?"

Ó ní, "Ẹ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún lẹ mú dání. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún, dáírẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn tó ń ti Ìkòyí wá, wọ́ọ̀nù àti túù ni mò ń ṣe fún wọn. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣọ́ọ̀kì lẹ kì mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń kun mọ́tò oníbàárà mi."

Mi ò tíì gbà pé dáírẹ́ẹ̀tì dáa. Kábọ́ọ̀nù inú fáànù á tètè jẹ tán. Ṣùgbọ́n mi ò bá a jiyàn, mo san owó tó pè.

Fáànù ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Bí mo bá tan éésì, wọ́ọ̀nù á gbà á wẹ́rẹ́, inú mọ́tò á tutù. Rílè họ́ọ̀nù nìkan ni mi ò rí dá pa dà, ó ti bá wáyà pupa jó lọ, Àlàájì sì ní òun á mú òmíràn bọ̀ tóun bá lọ sí Ládìpọ̀. Nítorí náà, tí mo bá ti ń sún mọ́ abẹ́ afárá, pẹ̀lú éésì ni mo ṣe ń já gíláàsì sílẹ̀, kí àwọn dánfó lè máa gbọ́ ohùn mi.