Sí Àbúrò Mi Onígọ́ọ̀fù, Tí Gbogbo Thamesmead Mọ Àsìkò Tó Ń Wọlé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mi ò ní béèrè bóyá o délé láyọ̀ lálẹ́ àná, torí mo gbọ́ ọ nígbà tí o yà wọ àdúgbò. Màmá tó ń gbé lókè mi gbọ́. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sùn nílé kejì náà gbọ́, ó sì fi ẹkún dá ọ lóhùn. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ yìí níkọ̀kọ̀, àmọ́ ohun tí odidi àdúgbò ti gbọ́, ìkọ̀kọ̀ wo ló tún kù fún un? Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí lẹ́tà yìí sílẹ̀.

Má tíì bínú. Mi ò sí lára àwọn tó ní kí o ta Golf R yẹn kí o lọ ra Prius. Ọkọ̀ gidi ni. Ẹ́ńjìnnì lítà méjì, tọ́bò lórí rẹ̀, ẹṣin 300 nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fi wọ́lẹ̀. Láti orí ìdúró, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tó fi ń bá 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Bàbá wa, tó fi Peugeot 504 ṣe fáàrí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ì bá yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, wọn ì bá sì mi orí. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ibi tí o náwó sí.

O yọ sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn, o fi páìpù gbọọrọ rọ́pò rẹ̀, o wá ń sọ fún gbogbo wa níbi ìkómọ ní Woolwich pé agbára ọkọ̀ ti lé sí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó wà níjókòó ní "ó ṣeun, ọmọ wa". Èmi nìkan ni mo ń wo ilẹ̀, kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu mi.

Jẹ́ ká tọ ipa èéfín náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì, tọ́bò ló kọ́kọ́ pàdé. Èéfín gbígbóná yẹn ló ń yí abẹ̀bẹ̀ tọ́bò, tọ́bò sì ń fi agbára yẹn ti afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni catalyst tó ń fọ èéfín mọ́, lẹ́yìn catalyst ni páìpù gígùn tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, kó tó wá kan sàlẹ́ńsà nídìí bọ́mpà. Tọ́bò ni àgbà tó kọ́kọ́ bu òkèlè. Nígbà tí abọ́ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn, ọbẹ̀ ti tán. Kò sí ìdènà gidi kan níbẹ̀ tí o lè mú kúrò. Gbé ọkọ̀ rẹ gun ẹ̀rọ dyno lọ́la, kí wọ́n wọn agbára rẹ̀. Agbára káká ni wàá fi rí ohun tó yàtọ̀. O kò ra agbára, àbúrò. Ohùn lo rà.

Ṣé kí n sọ èyí tó tún máa dùn ọ́ jù? Ohùn tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wa Golf yẹn wò, tí o ní o gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń bú, kì í ṣe inú páìpù ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Volkswagen fi ẹ̀rọ kékeré kan síbẹ̀ nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, Soundaktor ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó máa gbọ̀n kí ohùn ẹ́ńjìnnì lè dún kíkankíkan sétí awakọ̀. Torí náà, ìwọ tí ò ń sọ pé o fẹ́ "ohùn àbáláyé" ọkọ̀ náà padà, láti orí sípíkà ni ìfẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀.

Wá wo òfin. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ kan ti fi fóònù wọn ariwo náà, ó ní kò kọjá ààlà. Ààlà wo? Òfin Construction and Use ti ọdún 1986, nọ́ńbà 54 nínú rẹ̀, kò dárúkọ decibel kankan. Ohun tó sọ ni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ọkọ̀ jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ohun kankan lára páìpù èéfín àti sàlẹ́ńsà rẹ̀ lọ́nà tí ariwo rẹ̀ yóò fi pọ̀ sí i. Ìyẹn ni pé bí tìrẹ ṣe ń dún nígbà tó jáde ní Wolfsburg, níbi tí wọ́n ti ṣe é, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, kì í ṣe ti Lamborghini tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Nọ́ńbà 97 wá yíjú sí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀: kódà bí ohun gbogbo bá wà bí wọ́n ṣe ṣe é, o kò gbọ́dọ̀ wà á lọ́nà tí yóò máa pariwo tí o lè yẹra fún. Ariwo kọ́ ni músíìkì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́.

Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ £50. Mo ti rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ. Òótọ́ ni, kò tó owó MOT gan-an, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, tó lè tó £54.85. Àmọ́ abala 59 wà nínú Police Reform Act ti ọdún 2002: bí wíwakọ̀ rẹ kò bá ka ẹlòmíràn sí, tó sì ń da àwọn èèyàn láàmú, ọlọ́pàá lè gbé ọkọ̀ náà lọ. Bọ́ọ̀sì 472 dára, mo máa ń wọ̀ ọ́, àmọ́ mi ò rò pé ó tó fáàrí ṣe. Ní Kensington àti Chelsea, níbi táwọn olówó Lárúbáwá ti ń kó ọkọ̀ olówó ńlá wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìjọba ìbílẹ̀ ti gbé kámẹ́rà tó ń gbọ́ ariwo dúró sójú pópó. Lọ́dún 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà gbé irú rẹ̀ lọ dánwò ní àwọn ibòmíràn, títí kan Bradford. Kò tíì dé Thamesmead. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ torí tìẹ ni yóò ṣe dé.

Ọ̀rọ̀ gbàù-gbàù yẹn ńkọ́? Wọ́n ní máàpù tuntun lo gbà, ìyẹn ètò tí wọ́n kọ sínú brain box, tí ọkọ̀ fi ń yìnbọn nígbà tí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Brain box tó wà lára ọkọ̀ ní ojúlówó mọ̀ pé bí o bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, kò sí ìdí láti máa bu epo sínú ẹ́ńjìnnì mọ́, á sì dá a dúró. Máàpù tìrẹ ní kó máa bù ú lọ, kí púlọ́ọ̀gì sì pẹ́ kó tó tanná, kí epo náà lè jó nínú páìpù dípò inú ẹ́ńjìnnì. Epo oníye 99 tí o ń fi owó iyebíye rà, ò ń sun ún fún àwọn aládùúgbò gbọ́. Iná yẹn ń kọjá lára abẹ̀bẹ̀ tọ́bò, ó sì ń dé inú catalyst, tí platinum, palladium àti rhodium wà lára ihò wẹẹrẹwẹẹrẹ inú rẹ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, ògiri ihò náà á yọ́, ihò á sì dí. Ìgbà náà ni wàá wá rí ìdènà gidi.

Mo mọ ohun tí o máa sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí kò sí catalyst lára tokunbo tí wọ́n ń wà nílé, ó sì ń rìn." Ó ń rìn. Catalyst ti mìíràn nínú wọn ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń rà á kiri látọjọ́ tó ti dé. Ìhín kọ́ nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú catalyst, tí kò sì sí níbẹ̀ mọ́, kò lè yege MOT. Kódà bó bá wà níbẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ sẹ́nu páìpù: carbon monoxide kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré díẹ̀, lambda náà, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo, gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.97 sí 1.03. Bí iná check engine bá ń tàn, o ti kùnà. Àwọn kan máa ń dá catalyst padà lọ́jọ́ MOT, kí wọ́n sì tún yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọgbọ́n kékeré nìyẹn: MOT jẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún, òfin èéfín sì wà lójú títì lójoojúmọ́. Dúpẹ́ pé tìrẹ ti jáde kí wọ́n tó fi àsẹ́ tó ń gba eérú inú èéfín sára Golf R. Nígbà tí àsẹ́ yẹn dé lọ́dún 2018, ẹṣin 310 tí Golf R ní nígbà náà padà di 300.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò sí ohun tí o lè ṣe. Òun gan-an ló ń bí mi nínú: ohun tó ń fún ọkọ̀ yìí lágbára kì í pariwo, kò sì rú òfin ariwo. Ilé iṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ dín agbára rẹ̀ kù, torí ẹ́ńjìnnì kan náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbi tó gbóná, níbi tó tutù, àti níbi tí epo kò ti dára. Máàpù tí wọ́n ń pè ní Stage 1 kàn ń lo àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn: tọ́bò á ti afẹ́fẹ́ sí i, iná á yá díẹ̀, ẹṣin 300 á sì di nǹkan bíi 360, láìyọ bóòtù kan. Catalyst ṣì wà níbẹ̀, sàlẹ́ńsà ṣì wà níbẹ̀, èéfín sì yẹ kó yege. Àmọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní dyno, tó máa wo bí ọkọ̀ tìrẹ gan-an ṣe ń mí, kì í ṣe ọmọkùnrin tó tẹ fìlà wálẹ̀, tó ń ta fáìlì nínú kọ̀ǹpútà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, pààrọ̀ òróró gíà DSG kó tó gba agbára tuntun yẹn, kí o sì ra táyà gidi. Táyà tí mo rí lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ, Prius ló yẹ.

Bí ọkàn rẹ kò bá sì lè sinmi láìgbọ́ ohùn, àwọn sàlẹ́ńsà tó ní àmì E nínú òbìrìkìtì wà, tí wọ́n ti yẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Wọ́n wọ́n díẹ̀. Èyí tí o rà, mo ka páálí rẹ̀: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé pápá eré ìje nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Pápá eré ìje gan-an ń wọn ariwo o! Bí o bá gbé e lọ sí Brands Hatch, tó sì ju òṣùwọ̀n wọn lọ, ilé ni wọ́n máa ní kí o padà sí.

Ìkan ló kù, òun ni mi ò sì fi ṣeré. Sọ fún àwọn ìnṣọ́ránsì. Máàpù, páìpù, gbogbo rẹ̀. Owó á lé díẹ̀, àmọ́ má tìtorí ẹ̀ purọ́, torí bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ọjọ́ ìjàǹbá ni wọ́n sì máa ń yọ brain box wò. Bí wọ́n bá fagi lé ìwé náà, wíwakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì jẹ́ £300 àti póńtì mẹ́fà. Ìyàwó rẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé kan náà? Bí póńtì mẹ́fà bá kàn án láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, láísẹ́ǹsì ti lọ nìyẹn. Ta ló máa sọ fún un pé torí gbàù-gbàù ni? Mi ò sí níbẹ̀ o.

Sàlẹ́ńsà àtijọ́ ṣì wà nílé màmá rẹ. Mo rí i níbẹ̀, wọ́n fi í ti ilẹ̀kùn gárééjì kó má baà pa dé. Gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, sípánà àti jáàkì wà lọ́wọ́ mi, kò ní gbà wá pẹ́. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí wọ́n máa fi ti ilẹ̀kùn, gbé páìpù tuntun yẹn fún wọn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.