Sí Àbúrò Mi Tó Ń Yẹ Kóòdù Wò ní Èrìjìyàn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé sólà tí o gbé sórí òrùlé ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àti pé gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń wá cháàjì fóònù lọ́dọ̀ rẹ. Nígbà tí wọ́n bi bàbá nípàdé ẹbí pé iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe tí o kì í fi í jáde nílé, wọ́n ní àwọn òyìnbó kan ló ń sanwó fún ọ kí o máa wá àbùkù sí iṣẹ́ oníṣẹ́. N kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú àbùkù wo lo wá ń rí? Mo ka ohun tí o kọ sábẹ́ àtúnṣe kóòdù tí ọmọkùnrin kan fi ránṣẹ́ sí wa lórí relocation. O ní space kan ṣẹ́ kù sí ìparí ìlà. O ní orúkọ tó fún nǹkan kan ti gùn jù. O ní kò yẹ kí àkọlé àtúnṣe ní àmì ìdánudúró. Lẹ́yìn èyí lo kọ LGTM, ìyẹn «ó dára lójú mi», ó di ìdí iyán. Mo gbà pé a kì í jẹ́ kí iyán tutù l'Ékìtì, ṣùgbọ́n láàárín àmì ìdánudúró àti iyán, nǹkan ńlá kan kọjá níwájú rẹ, o ò kí i.

Ìwọ náà mọ bó ṣe ń lọ. Bí assembler bá pàdé ìpè sí function tó wà nínú fáìlì mìíràn, kò mọ ibi tí function yẹn máa wà. Á kọ e8, ìyẹn báìtì àṣẹ ìpè, á to òdo tì í: e8 00 00 00 00. Á wá kọ àkọsílẹ̀ kékeré kan, ìyẹn relocation, sílẹ̀ de linker, ètò tó ń so àwọn fáìlì pọ̀: ibi tí àlàfo wà rèé, ẹni tí à ń pè rèé, irú ìṣirò tí o máa ṣe rèé, iye tí o máa rò mọ́ ọn rèé. Nínú object file ELF oníbíìtì 64, báìtì 24 péré ni àkọsílẹ̀ náà.

Bí àlejò bá ń béèrè ilé wa ní Èrìjìyàn, ta ló ń fún un ní nọ́ńbà ilé? Ibi tó dúró sí la máa kọ́kọ́ bi í, torí ọ̀nà ẹni tó ti Àràmọ̀kọ wọlé kì í ṣe ọ̀nà ẹni tó ti Ìkògòsì bọ̀. Bí irú relocation tó ń jẹ́ R_X86_64_PC32 ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: S + A − P. Mú ibi tí à ń lọ, ro iye àfikún mọ́ ọn, yọ ibi tí a wà kúrò. Ká ní ìpè wà ní 1000, e8 gba báìtì kan, àlàfo bẹ̀rẹ̀ ní 1001, function sì wà ní 1500. Iye àfikún jẹ́ −4, nítorí pé láti ìparí àṣẹ náà, ìyẹn 1005, ni kọ̀ǹpútà ti ń wọn ọ̀nà. Èsì rẹ̀ jẹ́ 495.

Ọmọkùnrin yẹn ṣe ìṣirò yìí, kò ṣì í. Ohun tó yọ dànù ni ìlà tó ń wò ó bóyá èsì náà wọ inú àlàfo. Báìtì mẹ́rin ni àlàfo. Kò lè gbà ju bíi gígábáìtì 2 síwájú tàbí sẹ́yìn lọ. Bí èsì bá ju ìyẹn lọ, ṣe ló yẹ kí linker fi igbe ta. Bí kò bá ké, á gé orí nọ́ńbà náà, á kọ ìyókù sílẹ̀, ètò náà á sì fò síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Gbogbo ìdánwò wa ló yege, kí ló dé tí wọn ò ní yege? Ètò pínníṣín ni gbogbo wọn. Ìwọ nìkan ló yẹ kó rí ìlà tó sọnù yẹn, space lo sì rí.

(Má jẹ́ kí n tíì dé orí i386, níbi tí iye àfikún kì í sí nínú àkọsílẹ̀ rárá, tó jẹ́ inú àlàfo gan-an ló ń gbé. Ẹni tó bá kọ èsì lé e kó tó kà á, ó ti pa á rẹ́ nìyẹn.)

Mo mọ̀ pé wàá ní o ka gbogbo ìlà tó yí padà. Èyí tí kò yí padà ńkọ́? Ní oṣù Kejì 2018, lẹ́yìn tí H.J. Lu ti tún assembler GNU ṣe, ìpè tí wọ́n ti ń sàmì PC32 sí tẹ́lẹ̀, ìyẹn irú kejì, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àmì PLT32, irú kẹrin. Àtúnṣe náà dára, àǹfààní rẹ̀ sì wà fún linker. Ṣùgbọ́n linker nìkan kọ́ ló ń ka object file. Kernel Linux náà ń kà á fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń gbé module wọlé, òun ò sì mọ irú kẹrin rí. Ó kọ̀ wọ́n lẹ́nu ọ̀nà: «Unknown rela relocation: 4». H.J. Lu kan náà ló wá fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí kernel pé kí wọ́n ka PLT32 sí PC32, nítorí kernel kì í lo PLT, ìyẹn tábìlì tí ìpè máa ń gbà kọjá lọ sí láíbúrárì. Fáìlì mẹ́ta ni wọ́n ti fi kún un: ti module, ti kexec, àti ti irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń kọ́ kernel fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo assembler nìkan, ojú wo ló máa fi rí àwọn mẹ́ta yìí?

Torí náà, bí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ bá tún dé, fi space sílẹ̀ fún irinṣẹ́ tó ń to kóòdù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìwọ ṣí readelf -r, mú nọ́ńbà kan, fọwọ́ ara rẹ ṣírò rẹ̀. Kí o wá béèrè ta ni ẹlòmíràn tó ń ka fáìlì yìí.

Àtúnṣe tèmi ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ti mọ̀ọ́mọ̀ fi space méjì sí ìparí ìlà kan, kí ojú má bàa tì ọ́ pé o ò rí nǹkan mú. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí mo fi pamọ́, nọ́ńbà ni. Bí o bá rí i kí o tó kọ LGTM, èmi ni n ó ra dátà oṣù tó ń bọ̀ fún ọ. Bí o kò bá rí i, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ l'Ékòó