Ọ̀gá Iná Dé Ìpàdé Rotary: Ẹ Bi Í Ní Ìbéèrè Yín Mẹ́rin

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ilẹ̀ wa, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ fi báàjì aláwọ̀ wúrà há àyà kóòtù, mo dúró lórí ètò ìkíni tó wà nílẹ̀, torí bí mo bá ní kí n máa pe oyè yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ìrẹsì á tutù, ẹ ó sì ní èmi ni mo bá ọjọ́ jẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ni mo bá wá. Ẹni tínú bá bí, kó lọ sanwó ìtanràn, bó ti máa ń san án nígbà tó bá gbàgbé báàjì sílé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ apínná tí ẹ máa ń pè wá bá yín sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Ààrẹ á lu agogo. Wọ́n á ka ìtàn ìgbésí ayé àlejò: ó kàwé níbí, ó kàwé lọ́hùn-ún, ó gbàwé ẹ̀rí wálé láti London. Iye wákàtí tí iná ń lò ní àdúgbò tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọn kì í kà. Ọ̀gá á dìde, á tún táì ṣe, á ní kí wọ́n tan projẹ́kítọ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ á máa gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ pé kí iná má lọ, kójú má ti àlejò. Ẹ fọkàn balẹ̀! Ohun tí kò wá láti àárọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ lọ? Jẹnẹrétọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ló gbé makirofóònù tí ọ̀gá fi ń ṣàlàyé pé iná ti dára sí i. Ẹ̀yin lẹ sì ra dísẹ̀lì rẹ̀. Ó wà nínú owó oúnjẹ yín.

Ọ̀gá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ fún un ní àmì ẹ̀yẹ, ẹ ya fọ́tò. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá yín jà. Ìbéèrè mẹ́rin tí ẹ ń kà pọ̀ bí ọmọ iléèwé ní gbogbo ìpàdé, kí lẹ fi í ṣe? Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ? Ṣé yóò mú ìfẹ́ àti ọ̀rẹ́ wá? Ṣé yóò ṣe tọ̀tún-tòsì láǹfààní? Herbert Taylor ló kọ ọ́ ní Chicago lọ́dún 1932. Ọkùnrin náà kì í ṣe pásítọ̀. Iléeṣẹ́ ìkòkò alumíníọ̀mù tí gbèsè ti fẹ́ gbé mì ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, ó fi ìbéèrè náà tún un ṣe, iléeṣẹ́ sì là á já. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: iléeṣẹ́ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn gan-an ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ ọ́. Àwọn apínná wa kò sì ní orin mìíràn lẹ́nu ju gbèsè lọ. Oògùn wà lápò yín, aláìsàn jókòó sí táábìlì ọlọ́lá, ìrẹsì lẹ wá ń bù fún un.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bá yín bi í.

Ṣé òótọ́ ni? Ọ̀gá ní gáàsì ò tó, àwọn olè ń gé wáyà, gírìdì sì ń ṣubú. A ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nàìjíríà tí èèyàn rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù, iná tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kì í sábà ju 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì lọ. Lọ́dún 2024, gírìdì ṣubú títí ó fi sú àwọn oníròyìn. Àmọ́ ààbọ̀ òótọ́ nìyẹn. Ààbọ̀ tó fi pa mọ́ ni pé gírìdì lè ṣubú lẹ́ẹ̀mẹwàá, bíìlì àfojúdá kì í kọsẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Ní ìpàdé yín, wọn ò tiẹ̀ pàtẹ rẹ̀.

Ṣé kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ? Lóṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná gbé owó yúníìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Bándì A láti nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225 náírà, pẹ̀lú ìlérí wákàtí 20 lójúmọ́. Ìlérí ti Bándì E, wákàtí mẹ́rin péré. Wọ́n pín òkùnkùn sí kíláàsì, bí ẹní ń pín ọmọ iléèwé! Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú wa mú ọ̀gá yìí wò. Kó ra àga wá láti ilé. Kó ra wáyà àti makirofóònù mọ́ ọn. Bó bá sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára àga, kí ẹ ní ó ti di tẹgbẹ́, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe àdúgbò tó dáwó ra tiransifọ́mà nìyẹn. Kí ẹ gbé àwo òfìfo síwájú rẹ̀. Bó bá ní òun ò tíì jẹun, kí ẹ ní ẹ ti fojú dá ikùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, àwo mẹ́ta ló jẹ. Bó bá jiyàn, kó sanwó ná, kó tó kọ ìwé ẹ̀sùn.

Ṣé yóò mú ọ̀rẹ́ wá? Àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá, àkàbà ni wọ́n ń gbé wá sádùúgbò, iná kọ́. Bí ajá bá rí àkàbà yẹn lókèèrè, ó ti mọ̀ pé wọ́n wá já wáyà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ dẹ́kun ẹ̀rín. Rotarian tó pariwo jù nípa ìwà ọmọlúàbí lọ́jọ́ náà, èèrùn ti gba inú mítà rẹ̀ ṣelé. Wáyà tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ṣé yóò ṣe tọ̀tún-tòsì láǹfààní? Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013 nìjọba fa ilé iṣẹ́ iná lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ta ló jàǹfààní? Ẹni tó ń ta jẹnẹrétọ̀ ni, ẹni tó ń ta sólà sì tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ yín. Mo ti wá mọ ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ jù!

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n yìn yín díẹ̀, kí ẹ má baà ní ọ̀tá yín ni mí. Ọdún 1985 ni Rotary gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ káàkiri ayé. Lóṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò àrùn náà tó ń jà látilẹ̀wá ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Àmì ẹ̀yẹ kọ́ ló lé e lọ. Àwọn èèyàn ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé, wọ́n ń ka ọmọ ní ẹyọ ẹyọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín nìyẹn. Kí ọ̀gá iná tó tún gba makirofóònù yín, ẹ ka iye ilé tí kò ní mítà ládùúgbò yín, kí oníkálukú mú bíìlì rẹ̀ dání, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rin náà lójú gbogbo ayé. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ń dáwó tiransifọ́mà lọ́wọ́ báyìí, ẹ má san kọ́bọ̀ kí iléeṣẹ́ tó buwọ́ lu ìwé àdéhùn bí yóò ṣe dá owó yín padà. Ọ̀gá tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yege ni kí ẹ fún ní àmì ẹ̀yẹ. Èyí tó bá kùnà, ẹ fún un ní bíìlì dísẹ̀lì hòtẹ́ẹ̀lì.