Ìrẹ̀ Oníṣaworo àti Olè Oko Ìrẹsì

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìrẹ̀ Oníṣaworo àti kòkòrò kan tó ń jẹ ìrẹsì nílẹ̀ Jàpáànù.

Ìrẹ̀ yìí dúdú, kò ju kóró bàrà lọ. Suzumushi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn kòkòrò ṣaworo. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á na ìyẹ́ rẹ̀ sókè, á máa fi ọ̀kan ha èkejì, ohùn á sì máa ró wooro. Kòkòrò kejì kò mọ orin. Ẹnu ṣóńṣó ló ní, èyí tó fi ń fa omi ara ìrẹsì mu títí ìrẹsì yóò fi gbẹ.

Lọ́dún kan, oko pọ́n bí ẹni dáná sun ún. Àwọn àgbẹ̀ figbe ta: “Olè!”

Kòkòrò húkọ́ bí àgbàlagbà. “Ẹ dọ̀bálẹ̀! Èmi Saito Sanemori rèé, jagunjagun ìdílé Heike. Mo ti lé ní 70 ọdún nígbà tí mo kun irun mi dúdú, tí mo lọ sógun Shinohara ní 1183. Kùkùté ìrẹsì ló gbé ẹṣin mi ṣubú tí ọ̀tá fi pa mí, ni mo bá di kòkòrò. Gbèsè ni mo wá gbà, n kò jalè.”

Ta ni yóò pe ọlọ́lá lólè? Wọ́n fi koríko ìrẹsì hun ère jagunjagun lórí ẹṣin, wọ́n tan ògùṣọ̀, wọ́n ń lùlù, wọ́n sìn ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ dé ẹnu ààlà. Oko abúlé kejì sì nìyẹn níwájú, tútù minimini.

Ìrẹ̀ kò lè pa á mọ́ra, ó gbé e lórin:

Ó jẹko tán, wọ́n ń lùlù sìn ín,
*Rín-ìn rín-ìn.*
Ó ka oríkì, wọ́n gbàgbé ẹ̀sùn,
*Rín-ìn rín-ìn.*
Bó lórúkọ ńlá, ṣé òun ló gbìn ín?
*Rín-ìn rín-ìn.*

Ọkùnrin kan gbọ́. “Ohùn yìí mà dùn o!” Ó rá pálá lọ, ó fọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀, ó jù ú sínú àgò ọparun, ó sì gbé e lọ sí Edo, ìlú tó di Tokyo lónìí, níbi tí wọ́n ti ń kiri kòkòrò olóhùn-iyọ̀ nígbà náà. Ọlọ́rọ̀ kan rà á, ó gbé e kọ́ sí ìloro. Lálaalẹ́ ni Ìrẹ̀ ń fi orin rojọ́. Lálaalẹ́ ni ọlọ́rọ̀ ń mu ọtí ìrẹsì, tó ń mirí sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jó sí orin, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí olè tó dé oko tiyín.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró o. Pó! Pó! Pó!