Kòkànyín Lọ Sílé Ìwòsàn

Ẹ wò ó, èmi kì í ṣòfófó o. Ẹni tó ń din dùǹdú lẹ́nu ọ̀nà, tí gbogbo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde ń gba iwájú ẹ̀ kọjá, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é tí ò ní gbọ́? Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra, ẹ jókòó, iṣu yìí ò tíì pọ́n. Ọ̀rọ̀ ajá Ìyá Aláṣọ ni mo fẹ́ sọ, ajá tí dókítà ní kí wọ́n san ₦150,000 lé lórí, tí gbogbo ilé fi pín sí méjì, tí Tísà àti Àfáà ò fi kí ara wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ajá náà ṣe gba orúkọ. Kòkànyín ló ń jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sọ ajá lórúkọ lásán nílẹ̀ yìí; ìyàwó tí ò lè bú orogún ẹ̀ lójú, ajá ni yóò rà, yóò wá máa fi orúkọ ẹ̀ sọ òkò ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn tí ọkọ Ìyá Aláṣọ kú, ọ̀gbẹ́ni kan báyìí bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbé ẹrù bọ̀ láti ọjà Gbági. Ẹrù tí kò wúwo. A ṣe bíi ará ilé, a béèrè pé ṣé kò sí o. Àbí kí là ń bá ara ẹni gbé fún? Kò dáhùn. Ọjọ́ kejì ló gbé ọmọ ajá pupa kan wálé, ó dúró sí àárín àgbàlá, ó ń pariwo: “Kòkànyín! Kòkànyín, wá jẹun!” Ojú mi ló ń wò o, kò wo ti ajá.

Ajá yẹn dàgbà, ó di géńdé. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ń ṣọ́lé dáadáa. Ìgbà tí wọ́n wá jí bátìrì jẹnẹrétọ̀ gbé nílé kejì, tiwa ò kúrò níbi tó wà. Àmọ́ ìṣekúṣe ẹ̀ pọ̀. Kò sí abo ajá kan láti ilé wa títí dé ìsàlẹ̀ odò tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn, tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn, Dókítà Kékeré là ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Aláṣọ pé, “Mà, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kò ní máa rìn kiri mọ́.” Hà! Ẹ wá wo àwọn ọkùnrin ilé wa! Bàbá Láńlọ́ọ̀dù fi ọwọ́ méjèèjì bo iwájú sòkòtò wọn bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin ni, ẹ fi í sílẹ̀ kó jayé orí ẹ̀. Tísà tó ka ìwé bẹ́ẹ̀ yẹn náà gbè wọ́n lẹ́yìn. Ìyá Aláṣọ ní tóò, owó ọ̀hún náà kúkú wọ́n.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ ó rí ibi tó já sí.

Ẹ̀jẹ̀ la kọ́kọ́ rí. Ibi tí ajá bá dùbúlẹ̀ sí, tó bá dìde, ẹ̀jẹ̀ á kán síbẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe ilé wa. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ní igi ló gún un. Dókítà Kékeré wọ ìbọ̀wọ́, ó yẹ abẹ́ ajá wò, ó rí nǹkan kan níbẹ̀ tó rí ṣágiṣàgi bí orí ewébẹ̀ tí wọ́n já tán. Ó ní jẹjẹrẹ ni.

Gbogbo wa pariwo Jésù. Ó ní kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Ó ní èyí, ajá ń kó o lára ajá, nígbà tí wọ́n bá ń gun ara wọn. Mo ní, “Àtọ̀sí ajá nìyẹn!” Ó ní rárá, mà, pé kòkòrò kọ́ ló ń fà á. Jẹjẹrẹ náà fúnra ẹ̀ ló ń já bọ́ lára ajá kan, táá lẹ̀ mọ́ ara òmíràn, táá máa dàgbà síbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ èyí tó jẹ́ kí n jókòó sílẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò kárí ayé, ara ajá kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Ajá yẹn gbé ayé ní ilẹ̀ Éṣíà níbi ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́rin sí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ àbọ̀ sẹ́yìn. Ó ti kú, ó ti jẹrà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tí Ìbàdàn wà, àmọ́ ẹran ara ẹ̀ ṣì ń bẹ láàyè, ó ń ti ara ajá bọ́ sí ara ajá, títí tó fi dé àgbàlá wa. Ẹ rí i bí ìṣekúṣe ṣe ń rin ìrìn àjò! Mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ilé wa bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ó ní ó ń san o. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Jẹjẹrẹ tó ń san! Oògùn tó ń jẹ́ vincristine ni wọ́n ń fi sí iṣan ajá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ajá náà á sì san pátápátá. Ṣé ẹ mọ òdòdó aláwọ̀ píńkì yẹn, tí Ìyá Aláṣọ gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, tó máa ń tan tòjò tẹ̀ẹ̀rùn? Inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ oògùn náà. Madagásíkà ni òdòdó ọ̀hún ti ṣẹ̀ wá. Oògùn yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ bá wọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, Ìyá Ẹlẹ́kọ ti dé ìdí òdòdó, ó ti já ewé kún ìgbá, ó ní kí wọ́n gbé ìkòkò kaná, kí ni wọ́n tún ń náwó fún. Dókítà Kékeré sáré gba ìgbá lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní májèlé ni tí wọ́n bá sè é bẹ́ẹ̀, pé ewé rẹpẹtẹ ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba oògùn tó kéré gan-an. Tó bá sì ṣèèṣì kán síta iṣan nígbà tí wọ́n ń gún un, ẹran ibẹ̀ á rà ni. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe iṣẹ́ kẹ́místì orí títì, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá wò kí wọ́n tó gún òmíràn.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹran kan, wọ́n ṣírò gbogbo ẹ̀, ó di ₦150,000. Ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀.

Tísà ló kọ́kọ́ fò sókè. Ó ní owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024, ₦70,000 ni. Ẹnì kan á wá gbé owó iṣẹ́ oṣù méjì, á tún fi lé e, fún ajá? Ó ní owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mélòó nìyẹn. Òótọ́ ni, àmọ́ Ìyá Aláṣọ ò jẹ owó ilé ẹ̀kọ́, ọmọ tiẹ̀ ti parí. Tísà ló jẹ ẹ́, mo mọ̀, torí ọmọ ẹ̀ ló ń ra dùǹdú ní àwìn lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n lé e wálé.

Bàbá Olóǹdó ò bá ẹnikẹ́ni jà ní tiwọn. Wọ́n kàn rọra bi Ìyá Aláṣọ pé èló ló máa tà á. Gbogbo wa ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, bí wọ́n bá sì sọ pé Ògún ni wọ́n fẹ́ fún, inú ìkòkò náà ló máa parí sí. Ìyá Aláṣọ wò wọ́n láti òkè délẹ̀, wọ́n wọlé.

Àfáà ló yà wá lẹ́nu. Gbogbo wa rò pé wọ́n á ní ajá ò mọ́, kí wọ́n gbé e dànù. Wọ́n ní àwọn ò jẹ́ kó fi ẹnu kan ẹ̀wù àwọn, ìyẹn yàtọ̀. Àmọ́ Ànábì sọ ìtàn ẹni tó fi bàtà pọn omi láti inú kànga fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́run fi ìyẹn dárí jì í. Tísà ní omi kànga nìyẹn, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá gbólóhùn asọ̀ sílẹ̀ láàárín ara wọn.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè lórí WhatsApp, ìyá ẹ̀ fi sórí sípíkà, èmi kọ́ ni mo ní kó fi síbẹ̀. Ọmọ yẹn ní òun ní ológbò kan, oṣooṣù lòun ń san owó ìńṣọ́ránsì lé e lórí, torí ìjọba ibẹ̀ tó ń wo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ kì í wo ẹran. Ó ní àwọn òyìnbó pàápàá ti ń ké. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdíje lọ́jà, CMA, bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí ẹ̀ wò lọ́dún 2023. Wọ́n rí i pé láàárín 2016 sí 2023, owó tí dókítà ẹran ń gbà ti fi ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Lọ́dún 2013, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún ilé ìwòsàn ẹran ló wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ó ti ń lọ sí ọgọ́ta báyìí. Mo ní irú ẹ̀ náà kọ́ ni ti àwọn alágbàtà ata ní ọjà wa? Tí gbogbo ata bá ti wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ta lo fẹ́ lọ ná? Ó tún sọ ti obìnrin kan, Maria Dickin, tó ṣí ibi ìtọ́jú ẹran fún àwọn tálákà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní Whitechapel lọ́dún 1917, pé kí wọ́n máa gbé ẹran wọn wá lọ́fẹ̀ẹ́. PDSA tó dá sílẹ̀ ṣì wà títí dòní. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé àdúgbò tiwa. Àwọn tiwa, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ.

Ẹ bi mí ohun tí èmi rí sí i. Ẹ ò bi mí, àmọ́ máa sọ. Ẹni tó bá lówó ẹ̀, kó san án, kí Tísà lọ jókòó. Owó tí wọ́n fi ń ra aṣọ ẹbí tí wọn ò ní wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Tísà ò ṣírò ìyẹn rí. Ẹni tí ò bá ní, kó má tìtorí ajá yá owó èlé. Kó bi dókítà pé èwo ni agbára òun ká, tí kò bá sì sí èyí tó ká, kó jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ sun ún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tí mi ò lè gbà ni ti àwọn tó máa sọ pé owó ò sí, tí wọ́n á so ẹran mọ́ ẹ̀yìnkùlé kó máa ké mọ́jú, tí wọ́n á sì ní Ọlọ́run ni yóò wò ó. Ẹ̀yin lẹ so ó, Ọlọ́run kọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó kọjá àpò ẹni tó lajá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, dókítà béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ajá. Káàdì wo? Látọjọ́ tó ti dé ilé wa, wọn ò gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí! Ara mi bù máṣọ, torí ní nǹkan bí ọdún tó kọjá, Kòkànyín fi eyín họ ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ lẹ́sẹ̀. Ẹ mọ ohun tí a ṣe? A fá irun ajá náà, a sun ún, a fi epo pupa pò ó, a fi lé ojú egbò. Nígbà tí Dókítà Kékeré gbọ́, ó di orí mú. Ó ní ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni wọ́n fi ń fọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́, torí tí dìgbòlugi bá ti fi ara hàn lára èèyàn, ikú ló kù. Ohun tó gba ọmọ náà là ni pé ajá yẹn ò ní in. Tó bá ní in ni, ì bá ti kú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tó bunijẹ. Ìyá Ẹlẹ́kọ bú sẹ́kún. Owó abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ajá ò tó èyí tí Ìyá Aláṣọ fi ń ra dátà. Ní 28 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dìgbòlugi kárí ayé, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n tilẹ̀ ti máa ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́. A jókòó, à ń jà lórí ₦150,000, èyí tó lè pa gbogbo wa wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kàn án. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ọ́ lójú Ìyá Aláṣọ pé ti abẹ́rẹ́ yìí, ó kàn wá o, ẹ pè é ní orúkọ tó bá wù yín.

Ṣá, Ìyá Aláṣọ sanwó. Ó ta àdìrẹ mélòó kan ní owó tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù fi tiẹ̀ kún un. Wọ́n gún àkọ́kọ́, Kòkànyín ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Wọ́n gún ìkejì, nǹkan ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Ibi tí adùn ẹ̀ wà nìyí, ẹ sún mọ́bí. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù tó ń pariwo jù pé ₦150,000 lórí ajá, ẹ̀ṣẹ̀ ni, tó ní tòun bá ṣe bẹ́ẹ̀ òun á jù ú sí odò: ta ni mo rí ní ìdájí, tó gbé nǹkan dì mọ́ra nínú aṣọ ìbora, tó ń rọra ṣí géètì? Princess ni. Abo ajá funfun wọn tí wọn kì í jẹ́ kó jáde, tó jẹ́ pé Kòkànyín ló máa ń fo ògiri lọ bá a. Àrùn kan náà! Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, wọ́n dákẹ́. Àwọn náà ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ní bòókẹ́lẹ́, ilé ìwòsàn kan náà. Dókítà Kékeré ò sọ fún mi o, ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ni. Bó ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi í ni mo fi mọ̀.

Ìyá Aláṣọ ti gbọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ló gbọ́. Ó ní Princess ló kó o ran ajá òun, ìdajì owó lòun fẹ́ gbà. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ní àwọn ò ránṣẹ́ pe ajá kankan wá fo ògiri àwọn, pé ta ló mọ̀ bóyá Kòkànyín ló gbé e wá láti ìsàlẹ̀ odò, àwọn gan-an ló yẹ kí wọ́n gba owó. Tísà ní ẹni tó ní kí wọ́n má tẹ ajá lọ́dàá ni kó san gbogbo ẹ̀, ó gbàgbé pé òun náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn ni ìpàdé. Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí, nítorí èmi nìkan ló ń rí orí ògiri yẹn kedere láti ìdí agbada. Mo ti ní mi ò ní sọ ohunkóhun. Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ni tiyín, ata wà lábẹ́ ẹ̀.