Omi Ò Dànù, Inú Máṣìnì Mi Ló Kó Sí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi mọ́. Láti ọjọ́ tí máṣìnì mi ti mumi yó, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹni tó bá yà nílé mi ń sọ: "Ẹ kú ewu o. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Màá ní ẹ ṣé, wọn á jókòó, wọn á jẹ obì mi. Àmọ́ níbo ni wọ́n ti rí omi tó dànù? Omi ò dànù o. Inú agbè gan-an ló kó sí, òun náà ló sì ba agbè jẹ́.

Oṣù Ọ̀wàrà ni. Ó yẹ kí n ti gbọ́n, oṣù ọ̀hún ò kúkú fi orúkọ ara rẹ̀ pa mọ́. Òjò ti rọ̀ láti òru mọ́jú, mo sì ń ti Àkànrán bọ̀ lọ́sàn-án. Màmá kan ládùúgbò wa ló wà lẹ́yìn mi, ó gbé àpò gàrí sáàárín àwa méjèèjì. Odò kótópó kan wà lọ́nà abúlé wa tó jẹ́ pé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, adìyẹ ń rìn ín kọjá láìgbé ìyẹ́ sókè. Páìpù méjì ni wọ́n rì sábẹ́ ọ̀nà kí omi lè máa gbabẹ̀. Yanrìn àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti dí ọ̀kan pa, ìkejì ló ń dá ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Lọ́jọ́ yẹn, òun náà ti gba kámú. Orí ọ̀nà ni omi ń gbà, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń gbé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ lódindi.

Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan ti ká ṣòkòtò sókè létí omi. Oúnjẹ òjò wọn nìyẹn: wọn á fi igi méjì há máṣìnì, wọn á gbé e léjìká dé òdìkejì. "Bọ̀dá, ₦500 péré." ₦500 lórí odò tí adìyẹ ń rìn kọjá! Mo bi wọ́n bó ṣe jìn tó. Èyí tó ga jù nínú wọn ní, "Kò ju orúnkún lọ." Kò purọ́. Èmi ni mi ò béèrè pé orúnkún ta ni.

Màmá ní, "Ọmọ mi, fún wọn lówó jàre."

Mo ní, "Màmá, ẹ ṣáà dì mí mú."

A dé àárín gbùngbùn. Sálẹ́ńsà ti wọ abẹ́ omi, ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bùlù-bùlù-bùlù. Níwọ̀n ìgbà tí èéfín bá ṣì ń ti ẹnu sálẹ́ńsà jáde, omi ò ráyè gbabẹ̀ wọlé. Àmọ́ àyà mi já, ọwọ́ mi dẹ̀ lórí iná. Ó ní pẹ́kẹ́, ó kú. Màmá sọ̀ kalẹ̀, omi mù ún dé ìbàdí. Ó gbé àpò rù, àmọ́ ìdí àpò ti wọ omi kó tó gbé e. Odò yẹn mu gàrí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, láìsí ṣúgà, láìsí ẹ̀pà.

Mo kígbe pé kí àwọn ọmọ máa bọ̀. Wọn ò mira. "Bọ̀dá, láti àárín omi, ₦2,000 ni." ₦1,500 ni mo bá lápò, ó ti rin gbingbin. Mo ní wọn á gba ìyókù tó bá yá, ni wọ́n bá gbé e jáde.

Ibi tó ń dùn mí gan-an rèé: máṣìnì mi ò tíì kú nínú omi. Orí ilẹ̀ la ti pa á. Ṣé ẹ mọ̀ pé níbi tí nǹkan bá ti bàjẹ́, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló máa ń di mẹkáníìkì? Ọ̀kan ní ká gbé orí rẹ̀ sókè kí sálẹ́ńsà lè bì. A gbé e, ó bi omi pupa, a pàtẹ́wọ́. Òmíràn ní kí n kíìkì ẹ̀, pé iná ló máa fa omi gbẹ. Mo kíìkì ẹ̀, ó le koko lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí gbòǹgbò ìrókò. "Ẹ tún un ṣe!" Bàbá kan tó ń lọ sóko ju àdá sílẹ̀, ó bá mi kíìkì títí ó fi ń mí hẹlẹ. Wọ́n wá tì mí sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo fi sí jíà, mo já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan kan ní "kọ̀!" nínú ẹ́ńjìnì. Gbogbo wa dákẹ́. Bàbá mú àdá rẹ̀, ó ní oko ń pe òun.

Mẹkáníìkì mi, ọmọ tí mo lè bí, kò tiẹ̀ kí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kẹ́ ẹ kíìkì ẹ̀?" Ó tú púlọ́ọ̀gì, omi tú yàà níbẹ̀. Ó tú ìdí ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì tó dà jáde funfun bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ó ní afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀, omi ò ṣe é fún pọ̀. Bí pístìnnì bá gòkè tó bá omi níbẹ̀, omi ò ní yẹ̀ fún un, irin tó ń tì í lẹ́yìn ló máa tẹ̀. Ó yọ irin náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó tẹ̀ díẹ̀ báyìí, bí ẹni ń fi mí rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ká ní mo tì í dé ọ̀dọ̀ òun láìfọwọ́ kàn án ni, òun á da omi nù, òun á fọ kábúrétọ̀, òun á pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mejì, ǹ bá ti gùn ún lọ sílé. Owó àjẹṣẹ́kù ni mo fi rà á o. Ó ku oṣù 7 kí n san án tán.

Mo gbé ẹkún mi tọ bàbá ìyàwó mi lọ. Mo ṣìṣe. Ojú wọn ló ṣe nígbà tí odò Ògùnpa gba ilé gba ọ̀nà n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ 31 oṣù Ògún, 1980. "Ilé ń wó, òkú ń léfòó, ìwọ ń sọ ti máṣìnì?" Ìyàwó mi tún gbè é lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ti ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Ògún, 2011, tí afárá ń já, tí omi gbé ẹni tó lé ní 100 lọ. Kí ni mo fẹ́ wí? Ẹjọ́ mi kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Àmọ́ ẹjọ́ kékeré náà, ẹjọ́ ni, wọn ò sì jẹ́ kí n rò ó tán.

Lẹ́yìn ti 2011 náà ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2014, owó yíyá, láti fi kápá omíyalé n'Ìbàdàn. Mo ti gba orí afárá tuntun kọjá nígboro, ó dára. Páìpù tiwa ni mò ń sọ. Kò gba dọ́là. Ṣọ́bìrì kan ni, àti ẹni tó máa kó ọ̀rá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní ṣọ́bìrì.

Màmá ò bá mi jà. Wọ́n kàn ń yà láràárọ̀: "Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí? Gàrí wa ọjọ́sí ńkọ́?"

Lánàá mo fẹsẹ̀ rìn kọjá lójú odò náà. Omi ò dé kókósẹ̀ mi. Ọmọkùnrin tó ga jọjọ ọjọ́sí jókòó sórí páìpù, ó ń jẹ ìrèké. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bọ̀dá, ẹ kú ewu ọjọ́sí o. Omi ló dànù."

Mo ní o ṣé, àbúrò.

"Ó ku ₦500."